Ẹ Bi Wá Ká Dáhùn: Kí ló dé tí ohùn ń já pàtì-pàtì nínú kọ̀ǹpútà mi?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará sítúdíò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní yàrá ńlá àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi igun bẹ́ẹ̀dì ṣe sítúdíò, gbogbo yín náà ni mò ń kí. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, ìṣòro kan náà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: ohùn ń já, ó ń ta pàtì-pàtì, kọ̀ǹpútà ò gbé orin mọ́, ẹnì kan sì ti sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ká mi lára jù, torí mo mọ iye tí wọ́n ń ta láàpútọ́ọ̀pù báyìí, mo mọ bí ọmọ tó ń ṣe bítì ṣe ń tu owó jọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà yẹn ò lágbára, ó ń pẹ́ dé ibi tó yẹ kó dé ni, alágbára náà sì lè pẹ́. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé ọ̀rọ̀ wọn díẹ̀ kí àyè lè gbà á.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. FL Studio ni mo fi ń ṣe bítì, láàpútọ́ọ̀pù mi jẹ́ Core i5, RAM 8GB. Tí bítì bá ṣì kéré kò sí wàhálà, àmọ́ tó bá ti tó bíi track 25, ìyẹn ìlà ohùn 25, tí mo ti ń ṣe mixing láti pa gbogbo wọn pọ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kra-kra-kra, àmì CPU, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo ìṣírò kọ̀ǹpútà, tó wà lókè nínú FL á sì pọ́n. Ohun tí ò yé mi ni pé tí mo bá ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, 35% péré ló ń sọ. Plugin mẹ́fà, àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tó ń tún ohùn ṣe, ló wà lórí master mi níbi tí gbogbo ohùn ti ń pàdé, buffer mi wà ní 128 torí wọ́n ní kékeré ló dáa. Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n ta eléyìí kí n lọ ra i7. Ṣé kí n tà á?
*Ọmọ onímúsíìkì, Ìbàdàn*

Àbúrò mi, má tà á. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí iṣẹ́ ti há.

Ohùn inú kọ̀ǹpútà kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ, wóró-wóró ló ń jáde, tí project rẹ bá wà ní 44.1kHz, wóró 44,100 ló ń jáde nínú sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ò lè máa mú un fún sipíkà ní wóró kọ̀ọ̀kan, ìdì-ìdì ló máa ń dì í, ìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní buffer. Ìwọ fi tìẹ sí 128, ìyẹn ni pé wóró 128 ló wà nínú ìdì kan, tó o bá ṣírò ẹ̀ wàá rí i pé mìlísẹ́kọ́ńdì 2.9 ni, ká pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà 1,000 ká wá mú ẹyọ mẹ́ta níbẹ̀, kò tiẹ̀ pé mẹ́ta. Nínú ìwọ̀nba àsìkò yẹn kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lu gbogbo ìlù rẹ, kó tẹ gbogbo kíbọ́ọ̀dù rẹ, kó gba inú gbogbo plugin bíi reverb àti compressor kọjá, kó dì í, kó gbé e fún sipíkà, kó tún kọjú sí òmíràn, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 340 lọ nínú sẹ́kọ́ńdì kan. Tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ sipíkà á ṣófo, òfìfo yẹn lò ń gbọ́ tó ń dún kra.

Wo obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì láàárọ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta ló ń dà sínú epo, ẹni tó bá dé á rí gbígbóná gbà kíá, àmọ́ obìnrin yẹn ò lè yísẹ̀ kúrò ńbẹ̀ o, tí ọmọ bá sunkún tó ní kóun lọ wò ó pẹ́nrẹ́n, igbá á ti ṣófo, oníbàárà á ti máa pariwo. Tó bá jẹ́ ogún-ogún ló ń dà sí i, oníbàárà àkọ́kọ́ á dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn igbá ò ní gbẹ, ó tiẹ̀ lè lọ pààrọ̀ owó lọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ kó tó padà. Buffer kékeré ni mẹ́ta-mẹ́ta, buffer ńlá ni ogún-ogún. Ẹni tó sọ fún ẹ pé kékeré ló dáa ò parọ́, ó kàn jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá ń kọrin sínú máìkì tàbí tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ló wúlò, torí onítọ̀hún fẹ́ gbọ́ ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó o bá ti gba gbogbo ohùn sílẹ̀ tán tó ku mixing nìkan, kí lo fẹ́ fi 128 ṣe? Gbé e lọ sí 1024, mìlísẹ́kọ́ńdì 23 nìyẹn, tàbí 2048 pàápàá, mìlísẹ́kọ́ńdì 46. Tó o bá tẹ play á pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, kò bà nǹkan kan jẹ́.

Bó o ṣe wà nínú Audio settings yẹn náà, wo orúkọ driver tó o yàn, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ Primary Sound Driver ló wà níbẹ̀, kúrò níbẹ̀, yan FL Studio ASIO tàbí ASIO4ALL, tó o bá sì ní audio interface, àpótí tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀ kí ohùn tó dé kọ̀ǹpútà, driver tí àwọn tó ṣe interface yẹn ṣe fún un gan-an ni kó o lò. ASIO yìí, Steinberg ní Jámánì ló gbé e jáde ní 1997, ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyí, kí ohùn lè rí ọ̀nà tó yá gbà dé ibi tó ń lọ láì máa kí gbogbo ará ilé Windows kó tó kọjá. Wàá tún rí ibi tí wọ́n kọ Underruns sí lójú kan náà, iye ìgbà tí igbá ṣófo nìyẹn. Tẹ play kó o máa wò ó. Tó bá ń gòkè bó ṣe ń dún kra, ọwọ́ ti tẹ olè. Tó bá dúró sójú kan tí kra ṣì ń dún, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, bóyá ohùn ti pọ̀ jù lórí master tó ń forí gbá òrùlé, tàbí kí kra yẹn ti wà nínú sample, ìyẹn ohùn àgbàsílẹ̀ tó o gbà, látilẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka eléyìí mọ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ń render orin sí WAV, ìyẹn ni pé ó ń sọ ọ́ di fáìlì orin tó parí, kò sí sipíkà kankan tó ń nawọ́ sí i, ó lè lo àsìkò tó bá wù ú lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, torí náà kra tó bá ti ọ̀dọ̀ pípẹ́ wá kì í wọ inú fáìlì. Ẹ render ẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù. Tó bá mọ́, orin yín ò ní àbùkù kankan. Mo mọ ọmọ kan tó pa orin tó dáa rẹ́ torí ó rò pé ó ti bàjẹ́, ó dùn mí títí dòní, torí ohùn ìyá ẹ̀ tó ti ṣaláìsí ló wà níbẹ̀.

Ó wá ku 35% tó ń dà ẹ́ láàmú. Ká ní ọpọlọ mẹ́rin ló wà nínú i5 rẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní core. Ìwọ á rò pé bí wọ́n ṣe jẹ́ mẹ́rin yẹn, iṣẹ́ á yá ní ìlọ́po mẹ́rin. Padà síbi àkàrà. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, kí wọ́n tó dín in. Kó obìnrin mẹ́rin jọ sídìí ẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ ẹ̀wà ò lè lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bó o, ẹni tó fẹ́ dín in ń wo ẹnu ẹni tó ń pò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni plugin tó tò lórí mixer track kan, EQ lọ sínú compressor, compressor lọ sínú limiter, ìkejì ò lè bẹ̀rẹ̀ títí àkọ́kọ́ á fi parí, torí náà ọpọlọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń ru gbogbo ìlà yẹn, àwọn yòókù á sì káwọ́ gbera. Ká ní ọ̀kan wà ní 100%, kí mẹ́ta tó kù wà ní bíi 13%, ròó pọ̀ kó o pín in sí mẹ́rin, 35% rẹ náà nìyẹn. Task Manager ò parọ́, FL náà ò parọ́. Ọ̀kan ń sọ bí ilé ṣe rí lápapọ̀, èkejì ń sọ pé ìdì tó yẹ kó dé nísinsìnyí ò tíì dé.

Ìdí nìyẹn tí master rẹ fi ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo track ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí iṣẹ́ ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, plugin mẹ́fà sì tún wá tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí limiter rẹ, plugin tí kì í jẹ́ kí ohùn ga jù, bá wà lórí oversampling 8x, tó ń sọ wóró kọ̀ọ̀kan di mẹ́jọ kó tó ṣiṣẹ́ lórí wọn, iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ló ń ṣe nínú mìlísẹ́kọ́ńdì 2.9 kan náà. Kó gbogbo ohun mastering, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn orin, kúrò lórí master nígbà tó o bá ṣì ń ṣe mixing, fi oversampling sílẹ̀ títí dìgbà tó o bá fẹ́ render, ọ̀pọ̀ plugin ló ti ní ibi tó o ti lè sọ fún un pé ìgbà render nìkan ni kó ṣe é. Tan Smart disable nínú FL kí plugin tí kò dún lọ́wọ́ lè sinmi. Èyí tó bá wá wúwo jù, irú àwọn synth tó ń kọ ohùn mẹ́jọ lórí ara wọn, lo Consolidate nínú Playlist láti sọ ọ́ di audio lásán, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn save project kó o má bàa kábàámọ̀ lọ́la.

Tó ò bá mọ èyí tó wúwo ńkọ́? Pa ìdajì plugin, gbọ́ ọ. Tí kra bá lọ, olè wà nínú ìdajì tó o pa, tan ìdajì wọn padà, gbọ́ ọ, máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Plugin 32, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré lo máa ṣe é tí wàá fi mú un. Plugin fúnra ẹ̀ ni kó o pa o, mute tó o bá ṣe fún track ò tó, nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ẹni tí wọ́n mute ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, wọ́n kàn bò ó lẹ́nu ni.

Tó o bá ṣe gbogbo èyí tán tí kò gbọ́, wo Memory nínú Task Manager, tó bá ń sún mọ́ 90% nígbà tí orin ń lọ, RAM lo nílò, tí hard disk rẹ bá sì jẹ́ èyí tó ń yí, gbé SSD sí i.  i7 ọdún pípẹ́ sì lè má sáré tó i5 rẹ, torí eré ọpọlọ kan ṣoṣo ni ìlà plugin nílò jù, kì í ṣe iye ọpọlọ.

Ọmọ mi, mo kí ẹ o. Onílù ni mí, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti jogún dùndún. Àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé máìkì àti kọ̀ǹpútà sí yàrá kan, wọ́n ní kí n máa lu ìyáàlù sí i kó má bàa parun. Nǹkan tí wọ́n ń fi bò mí létí yẹn, lẹ́yìn tí ọ̀pá ti kúrò lára awọ ni mo máa ń gbọ́ ìlù níbẹ̀. Ó ń da ọwọ́ mi rú, oríkì tó yẹ kó yọ́ jáde ń há sí mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ní etí mi ni. Ṣé etí mi ni?
*Bàbá onílù, Ọ̀yọ́*

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ àṣà, ẹ ò ní fi ọwọ́ rọ lórí ìlù. Kì í ṣe etí yín rárá. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìlù pẹ́, etí ẹ̀ mú ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìlù yín wọ inú máìkì, kọ̀ǹpútà dì í ní ìdì kan kó tó gbà á wọlé, ó tún dì í ní ìdì mìíràn kó tó gbé e jáde sí yín létí, ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró. Tí àwọn ọmọ bá fi buffer sí 1024, mìlísẹ́kọ́ńdì 23 nígbà ìwọlé, 23 nígbà ìjáde, 46 nìyẹn. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú sẹ́kọ́ńdì kan, torí náà 46 yẹn dà bí ìgbà tí ìyáàlù tó wà lọ́rùn yín ń dún láti nǹkan bíi mítà 16 síbi tẹ́ ẹ dúró. Ta ló lè fi ìlù sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹ wo ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde lọ ṣeré, oní gúdúgúdú kì í jìnnà sí yín, ká ní mítà méjì ló wà sí yín, ohùn ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ yín láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 6, ọwọ́ àti etí yín ti mọ́ ọn láti kékeré. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn ọmọ gbé e dé.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ Bàbá, ẹ̀yin ni mo wá yíjú sí. Nígbà tí Bàbá bá ń lù, 128 ni kẹ́ ẹ fi buffer sí, tàbí 64 tí kọ̀ǹpútà bá gbé e, 128 nígbà méjì ò pé mìlísẹ́kọ́ńdì 6, ẹ wá rí i pé ààyè oní gúdúgúdú náà nìyẹn. Ẹ yọ limiter àti EQ tó bá jẹ́ linear phase kúrò lórí master títí Bàbá á fi lù tán, torí àwọn plugin yẹn máa ń dá ohùn dúró kí wọ́n lè kọ́kọ́ wo ohun tó ń bọ̀, gbogbo ohùn yòókù á sì dúró dè wọ́n. Tí interface yín bá ní bọ́tìnì direct monitor, ẹ tẹ̀ ẹ́, ohùn Bàbá á gba inú interface lọ tààrà sí etí ẹ̀ láì dé kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì pa monitoring inú sọ́fítíwíà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì-méjì ni Bàbá á máa gbọ́ ọ.

Kí n tiẹ̀ bi yín, kí lẹ fi bo Bàbá létí? Tó bá jẹ́ ti Bluetooth, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Bluetooth máa ń fi ohun tó lé ní mìlísẹ́kọ́ńdì 100 pẹ́ dáadáa, kò sí buffer tó lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní waya. Ẹ má sì jẹ́ kí àgbà tó fẹ́ fi ìlù sílẹ̀ fún yín máa rò pé etí òun ló ń kú lọ.

Ẹ̀gbọ́n, Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ń bá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ṣe orin lórí Mac. Ní Sátidé, lẹ́yìn tá a ṣèpàdé fídíò tán lórí kọ̀ǹpútà náà, mo ṣí orin tá a gbà sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, ohùn gbogbo wa ti ga bí ti ọmọdé, orin ń sáré, ó tún ń ta pàtì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Máìkì USB la fi gbà á, inú Mac fúnra ẹ̀ ni hẹ́dífóònù wa wà. Ṣé gbogbo iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ nìyẹn? Ẹkún ni mo fẹ́ sun.
*Ìyá akọrin, London*

Àǹtí wa, ẹ nu ojú yín, fáìlì yín wà pérépéré.

Ìpàdé fídíò yẹn ló ṣeé ṣe kó yí sample rate Mac yín kúrò ní 44,100 sí 48,000 tí kò sì dá a padà. Orin yín wà ní wóró 44,100 fún sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ̀rọ wá ń jẹ ẹ́ ní 48,000, oúnjẹ sẹ́kọ́ńdì kan ò wá pé sẹ́kọ́ńdì mọ́. Tí orin bá jẹ́ ìṣẹ́jú 4, á fi nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 20 yá ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn á sì ga ní nǹkan bíi sẹ́mítónù kan àtààbọ̀. Ẹ lè fi kíbọ́ọ̀dù dán an wò: tó bá jẹ́ C lẹ kọ ọ́, ẹ máa bá a láàárín C♯ àti D, ẹ máa wá kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu tì. Tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má wá àìsàn mìíràn mọ́.

Ẹ pa ohun tẹ́ ẹ fi ṣèpàdé, ẹ pa browser náà, kẹ́ ẹ ṣí Audio MIDI Setup, inú Applications, lábẹ́ Utilities ló wà. Ẹ tẹ orúkọ máìkì, kẹ́ ẹ fi Format sí 44.1kHz, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ibi tí hẹ́dífóònù wà náà, kẹ́ ẹ wá pa sọ́fítíwíà orin kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ohùn tuntun kankan sí i kí ẹ tó tún un ṣe, torí ìyẹn gan-an ló máa wá di ìṣòro.

Ní ti pàtì-pàtì, ẹ̀rọ méjì lẹ ń lò pa pọ̀, máìkì ní aago tiẹ̀, Mac ní aago tiẹ̀, méjèèjì ń sọ pé 44,100 àmọ́ kò sí aago méjì tó ń lọ dọ́gba délẹ̀, bó bá yá ọ̀kan á fi wóró kan ṣáájú, ohùn á sì ta. Tẹ́ ẹ bá ti so méjèèjì pọ̀ di Aggregate Device, ẹ máàkì Drift Correction fún èyí tí kì í ṣe olórí aago. Tí máìkì yín bá ní ihò hẹ́dífóònù lára, ó tiẹ̀ dáa ju ìyẹn lọ, ẹ gbọ́ ọ látara ẹ̀, aago kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí nọ́ńbà ò jẹ́ ẹyọ kan. 44,100 ni wọ́n fi ṣe CD nígbà tí Sony àti Philips gbé e jáde ní 1982, àwọn oní fídíò sì dúró sórí 48,000. Láti ìgbà náà wọn ò tíì fẹ́ra.

Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi yàtọ̀ o. Track kan ṣoṣo, buffer 1024, CPU 5%, síbẹ̀ ní bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá-mẹ́wàá ohùn á ta pà! á sì tún máa lọ. Kódà tí mo bá ń gbọ́ orin lásán ó ń ṣe é. Tí iná bá lọ tí mo wà lórí bátìrì ló burú jù. Mo ti gbé Windows tuntun sí i lẹ́ẹ̀mejì.
*Olórin ìyìn, Abẹ́òkúta*

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, Windows ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Tìẹ ò wá látinú sọ́fítíwíà orin rárá, ìwọ náà ti sọ ọ́, orin lásán ń ṣe é.

Ṣó o mọ ìgbà tí títì bá dá páropáro, tí mọ́tò ò pọ̀, tí kónfọ́ọ̀ wá ń bọ̀ pẹ̀lú fèrè? Gbogbo ọkọ̀ ló máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kan pé títì há tàbí kò há. Driver inú kọ̀ǹpútà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Driver Wi-Fi, ti bátìrì, ti káàdì àwòrán, wọ́n ní àṣẹ láti dá ọpọlọ dúró kí wọ́n ṣe tiwọn kíá, èyí tó dáa á lo àsìkò tí ò tó kí ojú ṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ burúkú á jókòó síbẹ̀, ìdì ohùn rẹ á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí àsìkò á fi kọjá. Ìdí nìyẹn tí CPU fi lè wà ní 5% kí ohùn ṣì ta.

Kọ́kọ́ pa Wi-Fi àti Bluetooth, tẹ orin fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ó bá dákẹ́, o ti mú un. Tí kò bá dákẹ́, wá LatencyMon, sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ àwọn driver, ọ̀fẹ́ ni, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí orin ṣe ń lọ, kó o wá wo abala Drivers, orúkọ ẹni tó ń dá títì dúró máa wà lókè níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ndis.sys, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni. nvlddmkm.sys, káàdì NVIDIA. ACPI.sys, iná àti bátìrì nìyẹn, ojú ẹ̀ sì ni mo kọ́kọ́ wò nígbà tó o sọ pé orí bátìrì ló burú jù. Tó bá jẹ́ òun, lọ sí Device Manager, lábẹ́ Batteries, disable Microsoft ACPI-Compliant Control Method Battery nígbà tó o bá fẹ́ gba ohùn, kó o tan án padà lẹ́yìn ẹ̀. O ò ní rí iye iná tó kù nínú bátìrì ní gbogbo àsìkò yẹn o, kí iná má lọ mọ́ ẹ lọ́wọ́ láì save.

Orí bátìrì kan náà, wo Power Options, fi sí High performance. Windows máa ń dín eré CPU kù kí bátìrì lè pẹ́. Pa USB selective suspend níbẹ̀ náà, kó o sì ki interface rẹ bọ ara láàpútọ́ọ̀pù tààrà, má fi sára hub tí máùsì àti flash ń bá a pín.

Ooru ńkọ́? Nígbà ọyẹ́ kan, mò ń gba ohùn akọrin obìnrin mẹ́rin, láàpútọ́ọ̀pù wà lórí ìrọ̀rí, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já láàárín orin kẹta. Mo gbé buffer sókè, mo yọ plugin, kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀ tó yára fà á sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò o." Tí CPU bá ti ń sún mọ́ 100°C, ó máa dín eré ara ẹ̀ kù kó má bàa jóná, ìdì ohùn á wá máa pẹ́. A gbé e sórí tábìlì, a fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, ó tutù lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, a sì parí orin náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí i, eruku tó dí ẹnu fáànù nípọn bí òwú inú tìmùtìmù, ó ti dì mọ́ra débi pé odindi ló ká kúrò nígbà tí mo fi brọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ṣí tèmi nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀ àti nígbà tó bá ń lọ. Tó ò bá mọ̀ ọ́n ṣí, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó o dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mi ò ní bò mọ́ra. Tó bá jẹ́ pé plugin tí wọ́n já lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú ló kún inú kọ̀ǹpútà rẹ, wọ́n máa ń fi nǹkan mìíràn sínú àwọn fáìlì yẹn, èyí tó ń fi CPU rẹ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lábẹ́lẹ̀, Windows tuntun ò sì lè gbà ọ́ tó o bá tún ti inú flash kan náà kó wọn padà sí i. Plugin ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ni ín fúnra wọn ń pín pọ̀, ó sì tó ṣe orin ìyìn.

Bẹ̀rẹ̀ látorí LatencyMon yẹn, kó o fi orúkọ driver mẹ́ta tó wà lókè pátápátá ránṣẹ́ sí mi, àti irú láàpútọ́ọ̀pù tó jẹ́. Mo máa dáhùn rẹ kí ìwé oṣù tó ń bọ̀ tó jáde.